Ìtànṣán Agbedeméjì àti Afẹ́fẹ́ Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àwọn ará ìlú sọ ní Kúta

  Nígbà tí a sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìtànṣán àti ọ̀rọ̀ kírísítálì ni a fẹ́ sọ ní oṣù yìí, àwọn kan bi wá léèrè pé kí ni ó kan Kúta nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí a kúkú sọ ìtàn Aǹlúgbùà àti oríkì ọmọ Òwu, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì bínú sí ẹni tí ó bi í. Òun gan-an ni a ó fi ọ̀rọ̀ wa òní dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yé gbogbo wa. Ohùn tí ó ń jáde nínú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ìgbì kan tí a kò fi ojú rí ni ó gbé e wá láti Ìbàdàn tàbí láti Òṣogbo. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń ràn sí wa lórí, ìgbì bẹ́ẹ̀ náà ni. Ooru tí ìyá tí ó ń sun àgbàdo ń mọ̀ lára kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹyin iná, ìgbì bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí olúkúlùkù wọn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì tẹlifóònù ìran karùn-ún, tí ìjọba Nàìjíríà gbé ta fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2021, ń gbọ̀n ní bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ìgbà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ń gbọ̀n ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún.

Láàrin àwọn méjèèjì ni ilẹ̀ kan wà tí ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè dá oko sí i. Ìgbì tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní terahertz. Ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò sì tó mìlímítà kan. Àwa yóò máa pè é ní ìtànṣán agbedeméjì, nítorí pé agbedeméjì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ ni ó wà. Bí ẹnìkan bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n dá oko sí ilẹ̀ náà? Ẹ̀rọ tí ń ṣe ìgbì rédíò kò lè sáré tó o; ohun tí ń tan ìmọ́lẹ̀ kò sì lè rọra tó o. Ẹni tí ó bá ti òkè wá kò dé ibẹ̀, ẹni tí ó bá ti ìsàlẹ̀ wá kò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó kọ́kọ́ dé etí ilẹ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1895, nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Íńdíà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jagadish Chandra Bose, tí í ṣe olùkọ́ ní Presidency College ní ìlú Calcutta, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń rán ìgbì tí gígùn rẹ̀ kéré tó mìlímítà márùn-ún. Ó rán ìgbì náà gba ara ògiri kọjá níwájú àwọn ènìyàn. Agogo dún, ẹ̀tù sì gbiná ní òdì kejì. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan tí ó fún un ní ẹ̀rọ wọ̀nyí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rò wọ́n, tí ó sì darí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀ láti ṣe wọ́n. A fẹ́ kí ẹ fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ́kàn, nítorí pé ìgbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ níwájú, ẹ ó rí ẹni tí ó jọ ọ́.

Ìwà ìtànṣán agbedeméjì yìí yàtọ̀. Ó ń gba inú aṣọ kọjá, ó ń gba inú ìwé, inú pákó gbígbẹ àti inú ọ̀rá kọjá. Ṣùgbọ́n irin a máa dá a padà. Kò ní agbára láti ba ẹran ara jẹ́ bí ìtànṣán X tí àwọn oníṣègùn fi ń wo eegun. Ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó burú ni omi. Omi a máa mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu òjò àkọ́rọ̀. Ní ọdún 1995, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì tí ń jẹ́ Hu àti Nuss fi ìtànṣán yìí ya àwòrán ewé kan nígbà tí ó tútù, wọ́n sì tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Nínú àwòrán kejì, ó hàn gbangba ibi tí omi ti fà kúrò nínú ewé náà. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ ìyẹn: ohun tí ó ń ba ìtànṣán náà jẹ́ lójú ọ̀nà ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó lè wo ọ̀rinrin inú ewé láìjá ewé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí? Wọn a mú ìmọ́lẹ̀ lésà tí ó kúrú jọjọ, tí ìṣẹ́jú ojú kò lè bá a dọ́gba láéláé, wọn a tàn án sára ohun kan tí a yàn dáradára. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ohun náà a ta gìrì, ìtagìrì wọn yìí ni ó sì ń tú ìtànṣán agbedeméjì jáde. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó di iná mànàmáná. Iná mànàmáná náà tún di ìtànṣán mìíràn. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú irú ohun tí a tàn án sí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa kírísítálì, àti nípa ohun ìyanu kan tí ayé rí ní bí ogún ọdún sí ìsinsìnyí.

A ti mọ̀ láti ìgbà ìwé kíkà wa pé ohun gbogbo pín sí méjì níwájú iná mànàmáná: bàbà àti irin a máa jẹ́ kí ó kọjá; dígí, igi gbígbẹ àti rọ́bà a máa dí i lọ́nà. Ohun tí wọ́n wá rí ni èyí tí ó dí ọ̀nà nínú, tí ó sì la ọ̀nà sílẹ̀ ní etí àti ní ojú ara rẹ̀. Kì í ṣe pé a fi bàbà bò ó bí a ti ń fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn. Bí a bá gé e sí méjì, ojú tuntun tí ọ̀bẹ là yóò di ọ̀nà iná mànàmáná lójú ẹsẹ̀, ibi tí ó sì ti wà nínú tẹ́lẹ̀ kò ní dí i lọ́nà mọ́. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní topological insulator. Àwa yóò pè é ní adínú-ṣíbèbè.

Láti mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá wa lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá amọ̀kòkò. Amọ̀ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè fi mọ àwo. Bí ó bá yí ọkàn padà, ó lè fa etí àwo náà sókè títí yóò fi di ìkòkò, láìfà á ya, láìlu ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ṣe ajere, ó di dandan kí ó mú igi lu ihò sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ àti òrùka kò jọra rárá ní ìrísí, síbẹ̀ ihò kan kan ni àwọn méjèèjì ní. Bí wọ́n bá jẹ́ amọ̀ tútù, a lè sọ ọ̀kan di èkejì. Ìkòkò kò ní ihò kankan, nítorí ẹnu rẹ̀ kò já sí òdì kejì. Iye ihò, odidi ni í máa ń jẹ́: ẹnìkan kò rí ajere tí ó ní ihò mẹ́wàá àti ààbọ̀ rí. Ìmọ̀ ìṣirò kan wà tí kò bìkítà fún bí nǹkan ti tóbi tó tàbí bí ó ti wọ́ tó, bí kò ṣe irú odidi iye bẹ́ẹ̀ tí a kò lè yí padà láìfà ya. Topology ni wọ́n ń pe ìmọ̀ náà.

Ta ni yóò rò pé ìmọ̀ ajere lè ran ìmọ̀ iná mànàmáná lọ́wọ́? Ní ọdún 1980, ọmọ Jámánì kan, Klaus von Klitzing, ń wọn iná mànàmáná nínú ohun pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan, nínú òtútù kíkan, lábẹ́ òòfà tí ó lágbára gidigidi. Ó rí i pé ìwọ̀n náà kì í yí díẹ̀díẹ̀ bí omi tí a ń rọ sínú agbè. Odidi odidi ni ó ń lọ, bí ẹni tí ń gun àkàsọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1985. David Thouless àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1982 pé odidi iye yìí bá iye ihò ajere mu ní ìṣirò. Ní 2016 ni òun, Duncan Haldane àti Michael Kosterlitz wá gba ẹ̀bùn Nobel tiwọn lórí irú iṣẹ́ yìí.

Nígbà náà, òòfà ńlá ṣì jẹ́ dandan. Ní 2005, Kane àti Mele ní Philadelphia fi ìṣirò hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀ láìsí òòfà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Bernevig, Hughes àti Zhang ní Stanford sọ ohun tí a lè fi ṣe é. Ní 2007, àwọn ọmọ iṣẹ́ Laurens Molenkamp ní ìlú Würzburg ní Jámánì ṣe é, ó sì rí gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wí. Inú ohun náà ní iye tirẹ̀, afẹ́fẹ́ òde ní iye tirẹ̀. Odidi kan kò lè di odidi mìíràn láìṣe pé nǹkan là níbì kan; ibi tí ó ti là ni bèbè, níbẹ̀ sì ni iná mànàmáná ń gbà kọjá.

Ìrìn àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní bèbè náà dùn ún gbọ́. Ẹ rò ó bí ọ̀nà ọjà Ìwó ní òwúrọ̀, tí òfin sì wà pé gbogbo ẹni tí ó gbé ẹrù sí èjìká ọ̀tún ni ó ń lọ, gbogbo ẹni tí ó gbé ẹrù sí èjìká òsì ni ó ń bọ̀. Bí ẹni tí ń lọ bá kọsẹ̀ lára òkúta, kò lè yí padà, nítorí òkúta kò lè gbé ẹrù rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì. Yóò kàn yà á, yóò sì máa lọ. Òòfà nìkan ni ó lè yí ẹrù náà padà. Ìdí nìyí tí ìdọ̀tí àti àbùkù inú kírísítálì, tí ó máa ń dí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ nínú wáyà bàbà tí ó sì ń mú kí wáyà gbóná, kò fi rọrùn fún láti dá tàwọn wọ̀nyí padà sẹ́yìn.

Ní 2009, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ohun tí ó rọrùn ún rí. Zahid Hasan, ọmọ bíbí ìlú Dhaka ní Bangladesh, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton, rí i pé bismuth selenide jẹ́ adínú-ṣíbèbè. Àwọn mìíràn rí i pé bismuth telluride jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Bismuth telluride kì í ṣe àlejò. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ti ń fi í sínú ẹ̀rọ kékeré amú-nǹkan-tutù. Ó wà lórí tábìlì wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì mọ ohun tí ó wà ní ojú ara rẹ̀.

Nígbà tí ìtànṣán agbedeméjì àti adínú-ṣíbèbè pàdé, ìdùnnú ńlá ni fún àwọn onímọ̀. Ní 2016 àti 2017, wọ́n rán ìtànṣán náà gba inú irú ohun yìí kọjá ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáàn àti ní Ọ́síríà. Ó ń yí ìtẹ̀sí ìtànṣán náà díẹ̀, ìyípadà náà sì ń lọ ní odidi odidi, tí ó rọ̀ mọ́ iye kan tí ó súnmọ́ ìdá kan nínú 137, iye tí ẹ̀dá fi so ìmọ́lẹ̀ àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ ní ibi gbogbo ní ayé. Ohun tí ó wù wá jù nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ti pín iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Rutgers ni ó ṣe kírísítálì, Johns Hopkins ni ó wọ̀n ọ́n. Ní Yúróòpù, Würzburg ni ó ṣe é, Vienna ni ó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó ń ṣe nǹkan kì í ṣe ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó sì ń wọn nǹkan ní ọlá bákan náà.

Ọmọ wa wà lára wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Déjì Akínwándé, ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà ní Ìkẹjà, ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin. Ní 2015, òun àti àwọn ará Ítálì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe ẹ̀rọ transistor àkọ́kọ́ láti ara silicene, ìyẹn silicon tí nínípọn rẹ̀ kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Àwọn oníṣirò sì ti sọ láti 2011 pé silicene yẹ kí ó jẹ́ adínú-ṣíbèbè. Ohun ẹlẹgẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí ó tó bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, òun àti àwọn ará Lille ní ilẹ̀ Faransé fi ohun mìíràn tí ó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ṣe súwíìsì fún ìgbì tí ń sáré. Èyí tí wọ́n fi boron nitride ṣe ní 2020, wọ́n fi rán àwòrán tẹlifíṣọ̀n lórí ìgbì 100 gigahertz. Èyí tí wọ́n fi molybdenum disulfide ṣe, tí wọ́n kéde ní 2022, ṣiṣẹ́ dé 480 gigahertz, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì terahertz kan. Wọ́n sì fi rán ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ tó bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

A kò sọ èyí kí a lè máa fi orúkọ ọmọ wa yangàn lásán. Irú ìyangàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, kò sì mú ọbẹ̀ dùn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé inú ilé ìwádìí ni súwíìsì náà ti ṣiṣẹ́, níbi tí kò sí òjò, tí kò sí ọyẹ́, tí kò sí ìrì. Ọjọ́ tí ìgbì bẹ́ẹ̀ bá jáde kúrò nínú ilé láti lọ láti òpó kan dé èkejì, afẹ́fẹ́ ni yóò gbà kọjá. Bí ó bá sì jẹ́ Kúta ni, afẹ́fẹ́ Kúta ni.

Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 2019, àwọn ìjọba ayé péjọ sí Sharm el-Sheikh ní ilẹ̀ Íjíbítì láti pín ìgbì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti la ọ̀nà fún lílo àwọn ìgbì kan láàrin 275 àti 450 gigahertz. Kò sí odi tí ó yí ilẹ̀ Yorùbá ká nínú ìpín náà. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń bọ̀, wọn yóò mú ìwé ìṣirò lọ́wọ́, èyí tí yóò sọ fún wọn bí òpó kan yóò ti jìnnà sí èkejì tó. Ìbéèrè tí ó kàn wá nìyí: òjò ta ni wọ́n fi kọ ìwé náà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1948, Marshall àti Palmer ní Kánádà kọ ìwé lórí bí ẹ̀kán òjò ti tóbi tó, iye àwọn ńlá àti iye àwọn kékeré. Iṣẹ́ rere ni, gbogbo ayé sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n òjò Kánádà ni wọ́n wọ̀n. Ẹni tí òjò oṣù Kẹsàn-án bá ti ká mọ́ ojú ọ̀nà oko ní ìhín rí mọ̀ pé òjò wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò wọn. Ìgbì tí ó kúrú a máa kọlu ẹ̀kán òjò. Bí ẹ̀kán náà ti tóbi tó ni ó ń sọ bí ìgbì yóò ti dínkù tó. Ẹni tí ó bá fi òjò Kánádà ṣírò ọ̀nà ìgbì ní Ifẹ̀, àṣìṣe ni yóò ṣírò.

Ẹni tí ó tún un ṣe ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Ọláléré Àjàyí, ní Yunifásítì Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí ìta tí ó ń gba ìlù ẹ̀kán òjò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń bọ́ sórí rẹ̀, tí ó sì ń fi agbára ìlù náà mọ bí ẹ̀kán ti tóbi tó. Òun àti R. L. Olsen ti Kánádà kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Radio Science ní 1985, wọ́n sì fún ayé ní ìṣirò ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru, tí a ń pè ní ìṣirò Ajayi-Olsen títí di òní. Ní 1996, òun àti Adímúlà tún tẹ̀ ẹ́ jáde nípa òjò Ìlọrin, Zaria àti Calabar. Ẹ kíyèsí i pé ọmọ Kánádà ni ó bá a ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ìjà. Ṣùgbọ́n láìsí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ sí ìta ní Ifẹ̀, ọmọ Kánádà kì bá tí mọ òjò Ifẹ̀ láéláé. Nígbà tí ìjọba dá ilé-iṣẹ́ NITDA sílẹ̀ ní 2001 láti mójútó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, òun ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ tí ó kù tóbi ju ti òjò lọ. Ní ìgbì tí ó lọ sókè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òjò nìkan ni ọ̀tá, bí kò ṣe omi tí ó fara pamọ́ sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àwọn ibi kan wà lójú ọ̀nà ìgbì tí omi inú afẹ́fẹ́ ti ń mu ún jù: ní 183 gigahertz, ní 325, ní 380, àti ní 557, níbi tí ìtànṣán kò ti lè rìn jìnnà rárá. Láàrin wọn ni fèrèsé wà, tí ó ń fẹ̀ ní ọjọ́ gbígbẹ, tí ó sì ń há ní ọjọ́ ọ̀rinrin. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ìyàtọ̀ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù Jánúárì, ọyẹ́ a máa la ètè, aṣọ tí a sá a gbẹ kí a tó ká ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù Júláì, iyọ̀ inú àwo a máa yọ́, aṣọ a sì máa rùn lórí okùn. Ìtànṣán kan náà tí yóò dé ìdí òpó kejì ní Jánúárì lè má dé ibẹ̀ ní Júláì. Iye tí yóò fi dínkù ní Kúta, a kò lè ṣírò rẹ̀ láti ara afẹ́fẹ́ Vienna tàbí ti Austin. A gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ní ìhín.

Nítorí náà, Ẹgbẹ́ wa ti pinnu ohun kan, a sì fẹ́ kí ìlú fọwọ́ sí i. A ó ra tẹmọ́mítà méjì àti agbè ìwọ̀n-òjò kan. Tẹmọ́mítà kìíní yóò wà ní gbígbẹ. A ó fi aṣọ funfun tí omi wà lára rẹ̀ wé ìdí èkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi ara aṣọ yóò máa fẹ́, tẹmọ́mítà kejì yóò sì tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ gidigidi. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, àwọn méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú ìyàtọ̀ wọn ni a ó ti ṣírò ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. A kò ní tan ara wa jẹ: agbè òjò kò lè ka ẹ̀kán lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tẹmọ́mítà méjì kò sì tó láti rí ìtànṣán agbedeméjì. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta tí kò já, láti ibi kan náà, ní wákàtí kan náà, jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Bowen ní Ìwó, tí kò jìnnà sí wa, lè lò. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì mú ìwé òjò ẹlòmíràn wá kò ní lè sọ fún wa pé kò sí ohun tí a mọ̀.

Ní Yorùbá ni a ó kọ ìwé náà. Àwọn kan ti ń sọ pé èdè wa kò lè gbé irú ẹrù yìí. Ìdáhùn wa ni pé a ti sọ̀rọ̀ adínú-ṣíbèbè láti òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dìde láti sọ pé kò yé òun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú, fún odidi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà sì ṣe dáradára ju àwọn tí a yára fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Kò dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó sọ èdè tí a ó fi kọ ìwọ̀n òjò sínú ìwé Ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni ó kù. A ó gbé tẹmọ́mítà méjèèjì sínú àpótí onípákó tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ní ìta gbangba, níbi tí oòrùn kò ti ní pa wọ́n. Kí wọ́n má ṣe wà nítòsí ibi ìdáná, kí agbè òjò má sì ṣe wà lábẹ́ òrùlé tàbí lábẹ́ igi, nítorí omi tí ń kán lára ewé kì í ṣe òjò ọjọ́ náà. Omi òjò mímọ́ ni a ó máa fi rẹ aṣọ, a ó sì máa pààrọ̀ aṣọ náà lóṣooṣù. Wákàtí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ àti wákàtí mẹ́ta ọ̀sán ni a ó máa kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kà á ní ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú olùkọ́ kan. A ń fẹ́ àgbàlagbà mẹ́rin tí yóò máa kà á ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, àti nígbà ìsinmi. Ẹni tí ó bá gbà, kí ó dúró lẹ́yìn ìpàdé kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pa ọjọ́ kan jẹ, kí ó fi àyè ọjọ́ náà sílẹ̀ lófìfo. Kí ó má ṣe fi ìwọ̀n àná dí i.